Ààlà Gba Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ilé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ìyá Kékeré, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọkọ mi kékeré tí mo gbọ́ pé ó ti ń sáré kiri ilé báyìí, tó ń fa aṣọ tábìlì wálẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ikọ́ tó dì mọ́ ọmọ láyà nígbà òtútù ti tú? Má fún un ní oògùn ikọ́ àwọn àgbà o. Bí mo ti fẹ̀yìn tì tó yìí, nọ́ọ̀sì ṣì ni mí. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ọkàn mi fúyẹ́, n ò sì rántí ìgbà tó ti fúyẹ́ tó báyìí kẹ́yìn.

Jókòó dáadáa kó o tó máa ka èyí lọ. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé tí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́ bàbá rẹ, kíá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o máa kà á dé òpin ni. Ìròyìn náà rèé: bàbá rẹ kì í ṣe aṣojú-ṣòfin mọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìbò lù wọ́n, wọn ò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ààlà ẹkùn ìdìbò ló yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì júwe ibi tó máa gbà. Má tíì rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì rántí ọjọ́ tó o gbé ọmọ tuntun wá kí wa. Yàrá rẹ ti di ọ́fíìsì ẹkùn ìdìbò láti ìgbà tó o ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga: tábìlì akọ̀wé ló wà níbi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà tẹ́lẹ̀, pósítà bàbá rẹ ló sì kún inú kọ́bọ́ọ̀dù tó o máa ń kó aṣọ sí. Orí bẹ́ǹṣì gbọọrọ tó wà ní pálọ̀, èyí tí àwọn tó ń wá rí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, lo sùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí èèyàn fi ń wọlé. Obìnrin kan bá ọ níbi tó o ti ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Gbogbo wa la wá rí i.” O sún fún un. Lẹ́yìn náà lo di ẹrù rẹ. Ohun tó o sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kò kúrò létí mi títí dòní: “Màmá, tí àyè bá ti wà fún mi nínú ilé yìí, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Títí dìgbà náà, ẹ má bínú, mi ò ní mú ọmọ mi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì aṣòfin.” Mi ò bá ọ jà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi alára ti ń tò sórí ìlà látọjọ́ pípẹ́ láti bá ọkọ mi sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kó o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kó o lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, gbogbo ìlú yìí pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí i ká, ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba àpapọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣojú wa. Tíṣà la máa ń pè é. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn káàkiri, tó bá sì dé iwájú ilé rẹ, á kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ rẹ ní ìṣirò kó tó bi ọ́ ní ohun tó ń dùn ọ́. Nígbà tó yá, èèyàn pọ̀ sí i, wọ́n pín wa sí méjì, wọ́n sì fi ojú irin ọkọ̀ rélùwéè ṣe ààlà. Òkè ojú irin di ẹkùn kan, ìsàlẹ̀ di òmíràn, àwa sì bọ́ sí ìsàlẹ̀. Òkè ni Tíṣà ń gbé. Ó sunkún lọ́jọ́ tó wá dágbére fún wa, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ sókè òkun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, téèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á rí òrùlé rẹ̀.

Ẹni tí a wá dìbò fún nísàlẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè ní Ó-Ń-Bọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ pé tó o bá dé ilé rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní ó ń bọ̀. Tó o bá padà lọ nírọ̀lẹ́, ó ń bọ̀. Ọdún tí a bí ọ ni òjò ńlá yẹn rọ̀. O mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, ojú àgbàrá ló la àárín àdúgbò wa àti sọ́mìlì tí wọ́n ti ń la pákó. Ó kún àkúnya, omi wọlé wa títí dé ojú fèrèsé. Àwa tí a gun òrùlé kígbe bi akọ̀wé aṣòfin tó wà lórí ilẹ̀ gíga lọ́hùn-ún pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó ní ó ń bọ̀. Nígbà tí a ò rí ẹni tó ń bọ̀, bàbá rẹ gbé ọ sínú ọpọ́n ìwẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n náà lé orí, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi, èmi di ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn mú, títí a fi dé ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè. Bíríkìlà ni wọ́n nígbà náà, wọn ò bá òṣèlú tan. Ọjọ́ náà ni wọ́n búra pé àwọn máa ṣojú ẹkùn yìí, àwọn á sì lé omi yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

Wọ́n sì lé e. Èyí ni mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ wọn láé. Ní sáà àkọ́kọ́ wọn, wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá tuntun, ó fẹ̀, ó jìn, wọ́n fi kọnkéré mọ ọ́n lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sì mú un gbà, kí omi lè yà kó tó dé iwájú ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó erùpẹ̀ dí ojú àgbàrá àtijọ́, wọ́n da ọ̀dà lé e, òun ló di títì tí mọ́tò ń gbà lọ sí sọ́mìlì lónìí. Láti ìgbà náà, òjò rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó tún gun òrùlé. Ibẹ̀ lorúkọ Baba Onígọ́tà ti wá. Orúkọ yẹn dùn mọ́ wọn ju Ọnọ́rébù lọ, wọ́n sì máa ń dáhùn sí i láti etí títì kan dé ìkejì.

Ìyókù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Sáà kejì tẹ̀ lé ìkíní, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé ìkejì, ọkùnrin tó lé omi jáde nílé kò wá ráyè gbélé. Ọjọ́ tó o gboyè, ìpàdé ni wọ́n wà. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, ìgbà tí a ń gé àkàrà òyìnbó ni wọ́n wọlé, ìgbà tí a ń ya fọ́tò ni wọ́n jáde. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, èmi sì ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lé wọn kiri inú ilé bí ẹni ń lé adìẹ. Wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, dúró ná, jẹ́ kí n dá baba yìí lóhùn.” Baba yẹn á lọ, ìyá kan á dé. Mo ti ń ro ọjọ́ tí wọ́n máa wá sọ fún mi níta pé wọ́n ti ṣubú síbì kan, ìrònú yẹn kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ tó ń pa ààlà ẹkùn ìdìbò tún dé. Wọ́n ní èèyàn ti pọ̀ jù nísàlẹ̀ ojú irin, apá kan gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ẹkùn tó wà ní ìlà oòrùn wa, kí ẹni tó bá ní àbá mú un wá. O mọ àwọn ará sọ́mìlì. Látọjọ́ tí bàbá rẹ ti ń du ipò, wọn ò dìbò fún wọn rí. Olórí wọn, Baba Onígẹdú, a máa sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò lè dìbò fún ẹni tó ń fi kọnkéré ṣe ohun tí igi lè ṣe. Bàbá rẹ rí àǹfààní. Wọ́n wọ aṣọ kóòtù, wọ́n dúró gbọnrangandan níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí ààlà tẹ̀ lé ojú àgbàrá, kí gbogbo ohun tó bá wà lápá ìlà oòrùn omi bọ́ sí ẹkùn kejì. Sọ́mìlì ni wọ́n ń fọgbọ́n tì jáde. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́, wọ́n ní àbá náà dára púpọ̀, nítorí omi kì í ṣe ojúsàájú.

Ìyá Kékeré, ṣé o rí àṣìṣe tó wà níbẹ̀? Lọ́kàn bàbá rẹ, ibi tí omi ti fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ ni omi ṣì wà. Àwọn fúnra wọn ló tì í kúrò níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gbàgbé. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, wọ́n wá omi, wọ́n rí omi, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti rí i. Wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sára kọnkéré tí bàbá rẹ fọwọ́ ara wọn dà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà tiẹ̀ bẹ̀ mí fún omi mímu, mo bu omi tútù fún un, ó kí mi dáadáa. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo rò pé wọ́n wá yẹ gọ́tà wò ni.

Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn gbé àwòrán ààlà tuntun jáde, orí tábìlì oúnjẹ ni bàbá rẹ tẹ́ ẹ sí. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìka ṣe ń lọ ni ẹ̀rín ń lọ. Ìka dúró. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń wò wọ́n láti fèrèsé ilé ìdáná bí wọ́n ṣe dúró ti omi náà, tí wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Nọ́ọ̀sì,” wọ́n ní, “èmi àti sọ́mìlì ti di ọmọ ìyá.” Ìlà tí wọ́n fi ti àwọn onígẹdú jáde ti ti ilé tiwa náà jáde, òfin sì sọ pé ẹni tó bá máa ṣojú ẹkùn kan gbọ́dọ̀ máa gbé inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá rẹ da tiwọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yọ̀ ṣubú. Mo wọ ilé ìdáná, mo rọra ti ilẹ̀kùn, mo jó. Orúnkún mi ò ké rárá.

Ayọ̀ yẹn ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn dé, tí wọ́n kún pálọ̀ bámúbámú. Akọ̀wé ti wá ọgbọ́n sí i. Ó ní kí aṣòfin gba yàrá kan ní òdìkejì omi, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lọ síbẹ̀, kí wọ́n máa sùn níbẹ̀, kí wọ́n lè di ará ẹkùn. “Kò ju ká fo gọ́tà lọ, sà,” ló wí. Mo wo ojú bàbá rẹ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ wọ́n létí. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi ilé sílẹ̀ lọ gba yàrá, ó parí nìyẹn: ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí ara á fi dá wọn dúró, èmi á kù nílé pẹ̀lú akọ̀wé àti pósítà, ìwọ ò sì ní gbé ọmọ wá mọ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé, “Ẹ lè lọ o. Èmi ò lọ. Ìlà oòrùn ni mo wà, ẹkùn mi tẹ́ mi lọ́rùn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ di àpótí.

Yàrá tí akọ̀wé rí wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, téèyàn bá ti sọdá afárá orí gọ́tà. Bàbá rẹ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n dúró lágbedeméjì láti mí. Màmá àgbàlagbà tó nilé wà níbi tó ti ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Kò pẹ́ tó kó dé àdúgbò náà, kò mọ̀ wọ́n rí. Ó fi yàrá hàn wọ́n, ó fi ibi tí ẹ̀rọ omi wà hàn wọ́n, ó wá ń wo bí wọ́n ṣe ń mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ ṣe àtojúbọ̀. Tí àárẹ̀ bá mú yín níbí, ta ni kí n ránṣẹ́ sí?” Wọ́n ní, “Mo lọ́mọ. Obìnrin ni.” Ó ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀.” Ọmọ mi, bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó mọ gbogbo òrùlé tó ń jò nísàlẹ̀ ojú irin kò mọ òpópónà tí ọmọ wọn ń gbé. Wọ́n yíjú sí akọ̀wé, nítorí òun ló máa ń bá wọn rántí nǹkan. Akọ̀wé náà ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí wọn padà wálé. Ilé làbọ̀ sinmi oko, mo kí wọn káàbọ̀. Inú yàrá rẹ ni wọ́n gbà lọ, wọ́n jókòó sáàárín àwọn pósítà tí ojú ara wọn ń wò wọ́n láti gbogbo igun. Mo gbé tíì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bi mí pé ibo gan-an ni bẹ́ẹ̀dì rẹ máa ń wà, mo fi abẹ́ fèrèsé hàn wọ́n. “Mo gbé ọmọ yìí sínú ọpọ́n,” wọ́n ní, “mo gbé e la omi já. Báwo ni mo ṣe wá já a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ?” Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí tíì ti tutù, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n na apá sí mi, wọ́n ní kí n wá wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn. Ojú mi ò rí nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀rọ náà dáadáa, nítorí omi ti kún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kéde pé àwọn ò du ipò mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sunkún, òmíràn yí nílẹ̀, ọ̀kan ní ayé òun ti bàjẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, gbogbo wọn ti wà nílé agbẹjọ́rò obìnrin kan tí wọ́n fà kalẹ̀ dípò bàbá rẹ, akọ̀wé ló sì ṣíwájú wọn. Obìnrin náà mọ̀wé, ara rẹ̀ le, ó sì wọlé ìbò. Ó wá gba àdúrà lọ́wọ́ bàbá rẹ kó tó lọ búra. Mo rò pé wọ́n máa kọ́ ọ ní òfin ilé ìgbìmọ̀ látòkè délẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé kó máa padà wálé jẹun lálaalẹ́. Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un sọ.

Ẹni tó yà mí lẹ́nu jù ni Baba Onígẹdú. Ó kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ sì ti ń tún fìlà ṣe bí ìṣe wọn, wọ́n rò pé ẹlẹ́bẹ̀ ni. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iyẹ̀fun pákó lára ẹ̀wù, ó ní, “Onígọ́tà, ẹ lé wa jáde, ẹ tún wá tẹ̀ lé wa. Ẹ káàbọ̀ sí ẹkùn wa. Àwa níbí kì í dìbò fún ẹni tó ń da kọnkéré, ṣùgbọ́n a lè bá a mu tíì.” Bàbá rẹ kọ́kọ́ ranjú, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Baba Onígẹdú fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ń wá báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á máa jiyàn igi àti kọnkéré, ariwo wọn á máa dé títì. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ní ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan míì tún wà tí mo fẹ́ sọ. Aṣojú-ṣòfin ẹkùn ìlà oòrùn tí àwa bọ́ sí báyìí, obìnrin lòun náà, apòògùn ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú. Lóṣù tó kọjá, ewé dí gọ́tà kékeré tó wà níwájú ilé wa, mo ní kí bàbá rẹ pè é lórí fóònù. Wọ́n ní rárá, àwọn á lọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí apòògùn yọjú tó rí wọn, ó pariwo, ó fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní kó pa dà síbi iṣẹ́, ó ku èèyàn méjì kó tó kan àwọn. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti gbé ọmọ wọlé tí kò rí ibi jókòó sí, bàbá rẹ sì dìde fún un. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n bi mí pé kí ló lé ọ lọ ní kánmọ́kánmọ́ lọ́jọ́ tó o gbé ọmọ wá. Látọjọ́ náà, wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ ló pè ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bó o ṣe sùn, ẹni tó ní kó o sún, ohun tó o sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n lọ fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì tó wà ní pálọ̀. “Ó le, Nọ́ọ̀sì,” wọ́n ní. “Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí. Mi ò jókòó lé e rí.” Gọ́tà ti ń ṣàn, tó o bá fẹ́ mọ̀.

Bẹ́ǹṣì náà ò sí ní pálọ̀ mọ́. Bàbá rẹ àti Baba Onígẹdú gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tú u palẹ̀. Igi gidi ni, ìjókòó àwọn ẹlẹ́bẹ̀ sì ti dán an bíi dígí. Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ni wọ́n fi í kàn, wọ́n ṣe ọgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ mi má bàa já bọ́ lójú oorun. Bàbá rẹ ló fi sáńpépà bó o, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á síhìn-ín sọ́hùn-ún bóyá wọ́n á rí ẹ̀gún. Akọ̀wé ti wá kó tábìlì rẹ̀ lọ. Ní ti àwọn pósítà, Baba Onígẹdú ní kí a kó o fún òun, òun á fi dí àárín pákó kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Inú bàbá rẹ dùn, wọ́n ní sọ́mìlì ti gba pósítà àwọn nígbẹ̀yìngbẹ́yín. A kun yàrá náà ní funfun. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ti padà sábẹ́ fèrèsé, ti ọmọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì ṣófo, aṣọ rẹ ló ń retí.

Ní ti ara bàbá rẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn ti rọlẹ̀. Dókítà tún un wọ̀n, ó ní bóyá ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́. Wọ́n ń sùn, wọ́n tún ń hanrun, èmi ni mi ò wá rí oorun sùn báyìí, ṣùgbọ́n mi ò ní ráhùn.

Ọmọ mi, o ní tí àyè bá ti wà fún ọ nínú ilé yìí, kí n ránṣẹ́ pè ọ́. Mo ránṣẹ́ o. Wo iwájú àpò ìwé tí lẹ́tà yìí wá nínú rẹ̀: ọwọ́ bàbá rẹ ló kọ àdírẹ́sì yẹn. Mo ń pè é, wọ́n ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún un kọ sórí ìwé pélébé kan, wọ́n ká a, wọ́n fi sí àpò àyà. Wọ́n ní bóyá ẹnì kan á tún bi àwọn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ yín, kó ṣọ́ àbọ̀ yín. Ilé tó o bá wọ̀, kó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ tó o bí kò ní tò sórí ìlà kó tó rí ọ, ìwọ náà ò ní pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Kí ọkọ mi kékeré dàgbà, kó dọ́gbọ́n, kí orí rẹ̀ jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dìde àti ìgbà tó yẹ kó jókòó. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé àyè wà fún òun náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀,
Nọ́ọ̀sì.

Mo tún rántí: Tí ẹ bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀, awakọ̀ lè fẹ́ máa béèrè ilé aṣòfin lẹ́nu afárá. Má jẹ́ kó béèrè bẹ́ẹ̀ o, ibòmíràn ni wọ́n máa júwe fún un. Kó ṣáà sọdá omi, kó o sọ fún un pé ilé bàbá rẹ lo ń lọ. Àwọn fúnra wọn á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.